Ibi Tí Atẹ́gùn Ń Gbà Jò

Bí mo bá gbọ́ òórùn rọ́bà gbígbóná lẹ́bàá títì, ọ̀sán kan ní Akpakpa ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Oní-zẹ́mì kan, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ti alùpùpù rẹ̀ dé ìsọ̀ tí a ti ń lẹ táyà, ó ń làágùn. Wọ́n ti bá a lẹ táyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níbòmíràn, síbẹ̀ kì í gbé atẹ́gùn dúró.

"Ìyá, ọ̀gá tó ń lẹ táyà dà?"

"Èmi náà ni," ni ìyá mi wí.

Ó fa atẹ́gùn sí táyà, ó fi ìka mú itọ́, ó sì fi kan ẹnu fáàfù, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ táyà. Itọ́ náà wú bí ìfófòó ọṣẹ, ó bẹ́.

"Táyà yín ò lu. Ibí ló ń jò."

Ó yọ abẹ́rẹ́ kékeré inú fáàfù, ó fi tuntun sí i, ó dè é le. Ó tún fi itọ́ kàn án. Kò wú mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí ìyá mi dá ṣiṣẹ́ fún lẹ́yìn ikú bàbá mi, tó ni ìsọ̀ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà mú oní-zẹ́mì méjì wá.

"Ọ̀gá tí mo wí nìyí," ó nawọ́ sí ìyá mi.

"Màmá mi ni!" ni mo pariwo, kí wọ́n má baà rò pé ìyá ẹlòmíràn ni.