Títì Tó Wà Láàárín Ilé Wa àti Ibùdókọ̀

Ní ọdún tí ọmọbìnrin mi ń múra àtilọ sí sẹ́kọ́ńdírì, títì kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú ní gbogbo Peckham, àdúgbò wa nílùú Òyìnbó. Ó wà láàárín ẹ̀sítéètì wa àti ibùdókọ̀ tí yóò ti máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí East Dulwich. Mo ti fi fóònù wọn àkókò rẹ̀. Bí ọmọ mi bá rìn bó ṣe máa ń rìn, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni yóò fi sọdá. Bí ọkọ̀ bá yọ ní kọ́nà, ìṣẹ́jú àáyá méje ni yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà mẹ́wàá ni mo wọ̀n ọ́n, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Nítorí náà, a kì í sọdá níbẹ̀ láìjọ wà pọ̀. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ni mo ti ń di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, kí ara tèmi lè wà níhà kọ́nà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fa ọwọ́ náà yọ bó bá ti rí ọmọ kíláàsì rẹ̀ lókèèrè. Mo máa ń ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀.

Lẹ́tà kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, wá dé. Wọ́n ní àwọn ń ṣètò ohun tí àwọn yóò kọ́ àti èyí tí àwọn yóò tún ṣe ládùúgbò láàárín ọdún márùn-ún, ìbáà jẹ́ títì, páàkì tàbí iná òpópónà, kí ẹni tó bá ní ohun tó ń fẹ́ wá sọ ọ́ nílé ìkàwé ní ọ̀sán Sátidé. Ìṣẹ́jú méjì lẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Síbírà ni mo fẹ́ tọrọ, ilà funfun àti dúdú tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, mo kà á sókè nínú ilé. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá.

Èmi àti ọmọ mi la jọ lọ. Ìyá àgbà kan láti mọ́sálásí wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, jókòó tì wá. Bẹ́ǹṣì ni àwọn fẹ́ tọrọ sí ibùdókọ̀, nítorí orúnkún wọn.

Nígbà tó kàn mí, mo dìde. Mo rí àwọn àgbàlagbà tó jókòó níwájú, mi ò sì lè dédé la ẹnu lójú wọn. Mo kí alága. Mo kí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù kú iṣẹ́, mo dúpẹ́ tíì àti bísíkíìtì. Mo kí àwọn bàbá, mo kí àwọn ìyá, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ, ṣùgbọ́n bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nílé ni mò ń tò ó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé mi ni aago dún.

"Ẹ ṣeun púpọ̀," ni alága wí. Òyìnbó obìnrin ni, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi yé. "Ẹni tó kàn ńkọ́?"

Mo jókòó. Mọ́mì fẹnu sí mi létí.

"O kí wọn dáadáa," ni wọ́n wí. "Ó kù díẹ̀ kí o kí àga tí wọ́n jókòó lé. Kí lo wá tọrọ gan-an?"

"Síbírà ni, mà."

"Wọ́n á rò pé ayẹyẹ lo wá pè wọ́n sí."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi fi àkókò tiyín sọ ọ́."

"Èmi tí èmi náà fẹ́ kí wọn? Ta ló máa wá bá mi sọ ti bẹ́ǹṣì?"

Ká tó mọ̀, ọmọ mi ti dìde. Mi ò rán an. "Háì" lásán ló fi kí gbogbo ilé.

"Dádì mi ti wọn àkókò títì wa," ló wí lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Mọ́kànlá ni mo fi ń sọdá, méje ni ọkọ̀ fi ń dé. A fẹ́ síbírà." Kò wo ọ̀dọ̀ mi. "Mo fẹ́ máa dá lọ sílé ìwé. Bí síbírà ò bá sí, Dádì ò ní gbà. Wọ́n á máa dì mí lọ́wọ́ mú títí màá fi lọ́kọ."

Ilé rẹ́rìn-ín, Mọ́mì ló sì rín jù. Òṣìṣẹ́ kan wá gba ìwé mi lọ.

Ọmọ mi ti wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì kí àwọn tó ń kun títì tó dé. Ní gbogbo àsìkò tí a fi ń retí wọn, mo ń fi síbírà yẹn sádùúà lẹ́yìn gbogbo ìrun. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, bí a bá jọ dúró létí títì, inú mi máa ń dùn pé wọn ò tíì dé. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ tí ọ̀dà náà gbẹ, ó ní, "Dádì, ẹ dúró síbí." Mo dúró. Ọkọ̀ dúró lápá méjèèjì. Ó sọdá, ó wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì, ó gun òkè lọ. Mo ń wá ojú rẹ̀ lójú fèrèsé títí bọ́ọ̀sì fi gbéra.

Awakọ̀ kan dúró fún mi. Mo juwọ́ sí i pé kó máa lọ, kò lọ. Ọkọ̀ mìíràn dúró lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tún dúró. Ojú tì mí, mo bá sọdá. Nígbà tí mo dé òdìkejì, mi ò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀.