Bàbá Atẹ́gùn àti Afẹ́fẹ́ Tó Ń Fẹ́ Láti Ẹ̀gbẹ́

Títí Bàbá Atẹ́gùn fi kú, kò sí ẹni tó gbàgbé ọjọ́ tó fi ẹ̀gbẹ́ rìn la pápá ilé-ẹ̀kọ́ kọjá bí alákàn. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ kọ sí ilé ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé.

“Olùkọ́, ṣé ọrùn ló ń dùn yín ni?” Ọ̀gá àgbà ló bi í.

“Rárá, mà. Afẹ́fẹ́ ń ti apá òsì bọ̀. Bí mo bá kọjú sí gbọ̀ngàn tààrà, yóò gbé mi yà kúrò lọ́nà.”

“Ẹ ò sì níyẹ̀ẹ́.”

“Ìdí tí mo fi ń ṣọ́ra nìyẹn.”

Kò rí iwájú, ló bá já sínú gọ́tà.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, ó sì ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nídìí bíbalẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá tún kùnà, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀rù ń bà á débi pé kì í jẹun mọ́. Baba rẹ̀, tí kò wọ bàálù rí láyé, ní kó fọkàn balẹ̀.

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìṣirò sára ògiri pálọ̀, irú èyí tó ń sọ bí bàálù ṣe ń yà díẹ̀díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì í. Ìyàwó rẹ̀ di ìbàdí mú.

“Ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn?”

“Jọ̀ọ́, má nù ún. Ọmọ wa ò tíì balẹ̀.”

Nígbà tó ṣírò tán, inú oko ni bàálù balẹ̀ sí. Ọmọ náà wò ó títí.

“Bàbá, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ làwa tá à ń wa bàálù fi ń pè é. Ibi tó ń lọ lẹ̀yin kọ.”

“Ta ló ń fi ibi téèyàn ti ń bọ̀ pè é?”

“Àwọn ẹbí yín ni,” ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ilé ìdáná. “Ará òkè odò ni wọ́n ń pè mí látọjọ́ tí mo ti délé yín.”

Bàbá Atẹ́gùn tún mú ṣọ́ọ̀kì. Ó yí àmì kan ṣoṣo padà, bàálù sì balẹ̀ sójú ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún òun.

Lọ́jọ́ ìdánwò, afẹ́fẹ́ náà ò ṣàánú ẹnikẹ́ni rárá. Tọkọtaya náà dúró lẹ́bàá wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà yí pápá bàálù ká. Bàálù ń bọ̀, ó yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó sì balẹ̀ jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́, Bàbá Atẹ́gùn á sọ fún un pé ìṣirò òun ló gbé ọmọ náà délẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ tó sọ ìyókù fún wa. Ó ní nígbà tí bàálù ń bọ̀, òun rí i tí ètè ọkọ òun ń mì, òun sì rò pé ó tún ń ṣírò ni. Òun wá sún mọ́ ọn. Ọkùnrin náà ti di ojú.

“Afẹ́fẹ́, ẹ jọ̀ọ́,” ló ń wí. “Ẹ rọra. Ọmọ mi ni.”