Omi Òkun Tí Mo Gbé Wá sí Agbowó

Ọgọ́rin kọ́bọ̀ ni agolo mílíìkì iyọ̀ kan lọ́dún náà, nígbà tí iyọ̀ wọ́n ju ìtìjú lọ n'Ìbàdàn. Èmi ni mò ń tà á ní Agbowó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì á dúró síwájú mi, wọ́n á máa sọ gẹ̀ẹ́sì sí iyọ̀ bí ẹni pé ìyẹn ni yóò mú kó gbọ́.

Mẹkáníìkì kan ní Challenge ló ń fẹ́ mi nígbà yẹn. Ó ti fẹ́ mi pẹ́ débi pé ìyá mi ò bi mí léèrè mọ́. Wọ́n kàn máa ń wo ikùn mi, wọ́n á sì mí kanlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń bẹ̀ ẹ́ fún ni kó mú mi lọ han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà l'Ékòó, nítorí òun ló di bàbá fún un lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Bí ẹ̀gbọ́n bá rí mi, mo di ìyàwó. Bí wọn ò bá rí mi, oníyọ̀ lásán ni mí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ó yà sí ìsọ̀ mi. Ó ní, "Ìyá Oníyọ̀, múra sílẹ̀. Èkó yá lọ́la."

"Ọmọ wo ni mo bí fún ọ tí o fi ń pè mí ní ìyá?"

Ẹnu mi ló sọ̀yẹn. Inú mi ti ń jó. Aṣọ léèsì kan ṣoṣo tí mo ní ni mo wọ̀ gun ẹ̀yìn máṣíìnì rẹ̀, mo sì dé akoto oní-máṣíìnì lé gèlè lórí, bí ìkòkò tí wọ́n fi ìkòkò dé. Afẹ́fẹ́ títì márosẹ̀ ń fa ìró mi bí ẹni tí mo jẹ lówó. A dúró l'Ógèrè, a jẹ búrẹ́dì àti ẹran ìgbẹ́. Nígbà tí a dé Èkó, a gun afárá kan, a sọ̀, a tún gun òmíràn, títí a fi bọ́ sí erékùṣù tí òkun fi ara tì.

Mo ní, "Ilé ẹ̀gbọ́n dà?"

Ó ní, "Ká jẹun ná. Ta ló ń fi ebi kí àna?"

Ó ra ẹja díndín tó gùn tó apá mi, ó ra àgbọn, kò sì bá obìnrin tó ń tà wọ́n ná an rárá. Ọkùnrin tó máa ń ná ẹ̀kọ! Ibẹ̀ ló yẹ kí ara ti fu mí.

Àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà létí omi, obìnrin kan sì ń ta kẹ́ẹ̀gì òfìfo fún wọn kí wọ́n lè pọn omi òkun lọ sílé. Èmi ò rí òkun rí. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Iyọ̀ lọ súà, kò sí alágbàtà, kò sí ẹni tó ń tò fún un. Mo ra kẹ́ẹ̀gì kékeré kan, mo pọn ọ́n kún.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Màá sè é títí yóò fi gbẹ, màá sì tà á."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú iyanrìn. Ó ní, "Má tíì sè é o. Jẹ́ kí n dé ná, ká jọ jẹ iyọ̀ tá a jọ pọn."

"Kí o ti ibo dé?"

Kó tó dáhùn, bàbá kan tó dé fìlà dé bá wa, wọ́n kí i bí ẹni tó ti ń retí wọn. Mo ní nínú ara mi pé ẹ̀gbọ́n nìyí. Mo kúnlẹ̀ gbọnrangandan nínú iyanrìn, tèmi ti léèsì.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n wa."

Bàbá náà wò mí, wọ́n wo táyà, wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í wò. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, ìyàwó. Máṣíìnì ni mo wá rà."

Bí mo ṣe gbọ́ nìyẹn. Owó máṣíìnì ni yóò fi kún owó ọkọ̀ òfurufú; Jámánì ló ń lọ, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ó ní tí òun bá dé, ilé ẹ̀gbọ́n la ó kọ́kọ́ lọ. Bàbá náà gba akoto lórí mi, wọ́n ní ara ọjà ni.

Bọ́ọ̀sì la wọ̀ padà. Kẹ́ẹ̀gì wà lórí itan mi, òun ń sùn. Arábìnrin tó jókòó tì mí wo kẹ́ẹ̀gì, ó ní, "Ẹ kú àdúrà o. Olúwa á gbọ́." Mo ní àmín.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, òjò tún padà. Ìyá mi ní kí n dà á nù; mo ní ọjà ni. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mẹkáníìkì mi kan wá láti Challenge, ó ń fi ọwọ́ pa orí. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ti gbé òyìnbó níyàwó ní Jámánì, ìyẹn sì ti bímọ. Ó ní kí n má bínú.

"Ta ló ń bínú? Agolo mélòó lẹ fẹ́ rà?"

Bó ti yí ẹ̀yìn padà ni mo gbé omi náà ka iná. Ó hó títí, ó gbẹ. Iyọ̀ tó kù nídìí ìkòkò rí bí eérú, díẹ̀ ló kù kó kún agolo. Iyọ̀ ti pọ̀ lọ́jà nígbà náà, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀. Mo gbé e sórí àtẹ pẹ̀lú àwọn tó kù.

Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní, "Iyọ̀ yìí ò mà funfun."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ò funfun, ọkọ yín ò sì tìtorí ẹ̀ lé yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń ná an. Èmi tí n kì í gbà, mo gbà. Mo dà á sínú ọ̀rá fún un, mo gbá ìdí agolo kí ohunkóhun má ṣẹ́ kù. Kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló san.