Ògiri Tísà Akóredé

Ìtàn tí a fi ń rántí olóògbé Tísà Akóredé jù ní Ẹdẹ ni ti ọjọ́ ìfojúhàn. Lọ́dọọdún, ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì máa ń pe àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé wọn ò tíì kú. Lọ́dún kan, Tísà jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ka iye òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tábìlì, ó sì dìde.

"Ẹ̀yin mọ́kànlá lẹ fẹ́ jẹ́rìí pé mo wà láàyè? Sàdíátù ìyàwó mi nìkan ló ṣe é láàárọ̀ yìí. Ẹ̀kọ gbígbóná ló fi ṣe é, kò sì yọ kọ́bọ̀ nínú owó mi bíi tiyín."

Wọ́n fi fáìlì rẹ̀ sísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí yóò fi kàn án, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò dá òun fúnra rẹ̀ lójú mọ́ pé òun wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì náà sú gbogbo àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Tísà ní, "Bí ẹni mẹ́fà bá jọ lo ìkòkò kan, iná kan ni. Bí kálukú bá gbé tirẹ̀ kaná, igi ló máa jẹ owó ọbẹ̀ tán."

Ló bá kó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún jọ. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni kálukú ń dá lóṣù, sínú kóló kan. Ẹni tí àìsàn bá dé bá, á mú níbẹ̀. Kò sí alága, kò sí akọ̀wé. Ọ̀kan nínú wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣọlá, ará Sekona, ní kí wọ́n kúkú ra ìwé àti bírò.

"Bírò lónìí, tábìlì lọ́la," Tísà dáhùn. "Tó bá di ọ̀tunla, ẹ ó ní ká ra mínírà tí a ó máa mu nípàdé."

Èédú ló fi ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sára ògiri pálọ̀ rẹ̀.

"Bàbá Fawziyah! Ògiri tí mo fowó ẹ̀pà mi kùn!" Sàdíátù pariwo.

"Ṣe sùúrù, Sàdí. Ògiri yìí á gbọ́ bùkátà jù mí lọ."

Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì pẹ́ fún oṣù márùn-ún, ògiri yẹn ló ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Olúṣọlá.

Tísà kú lọ́dún tó kọjá. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dúró, Sàdíátù ò sì mọ ohun tí yóò máa jẹ. Bí àdúrà fìdáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ṣe ń bọ̀, Fawziyah ọmọ wọn gbé ọ̀dà dé láti kun pálọ̀ nítorí àlejò. Sàdíátù dúró síwájú ògiri, ó ní àfi kí Olúṣọlá kọ́kọ́ kà á. Olúṣọlá wọ dígí, ó sún àga kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ka ìlà ìsàlẹ̀ sókè:

"Tí mo bá kú, kí Sàdíátù rọ́pò mi. Kó má dá owó mọ́, kó máa mú. Ẹ má ra mínírà."

Olúṣọlá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ògiri mẹ́ta ni wọ́n kùn. Lópin oṣù, bí àwọn arúgbó náà bá pàdé, omi tútù ni Sàdíátù ń gbé kalẹ̀ fún wọn. Ahun ni Tísà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ ń sọ wá gan-an.