Irin Bàbá Mi àti Ògiri Ilé Mi

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Èkó wọ Ìbàfò, tí ẹ rí ilé alájà méjì kan létí títì tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán bíi sójà, èmi ni mo mọ ọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi náà ni. N kò parí pírámárì, mo sì ń fi yangàn, torí láti Mowe títí dé Ifọ̀, n kò tíì rí bíríkìlà tó lè bá mi dúró. Kò sí ògiri oníbàárà mi kan tó là rí.

Èmi yìí náà ni mo ṣì ń gbé yàrá kan nílé onílé. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á gun ara ògiri yàrá náà dé ìdí ibùsùn wa, ikọ́ ò sì fi ìyàwó mi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mo nílẹ̀ ní Mowe, ìpìlẹ̀ ilé sì ti wà lórí ẹ̀ tipẹ́. Ògiri ni kò gòkè.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́, nílùú wa lápá Ọ̀ṣun. Bí mo bá mọ ògiri tán, á yọ irin rẹ̀ lápò. Irin ṣóńṣó kan ni, ó so mọ́ okùn, okùn náà sì gba àárín pátákó kékeré kan kọjá. Bàbá mi á fi etí pátákó yẹn ti ara ògiri lókè, á jẹ́ kí irin rọ̀ wálẹ̀. Bí irin bá rọra kan ògiri nísàlẹ̀, ògiri dúró dáadáa. Bó bá fara tì í gírígírí, tàbí tó jìnnà sí i, ògiri ti fì. Bàbá mi kì í pariwo. Á kàn sọ pé, "Ó fì. Wó o." Èmi á sì fẹsẹ̀ ta á wó nígbà tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣì tutù. Títí bàbá mi fi kú, kò sọ ọ́ rí pé ògiri mi dáa. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi pín ilé àti oko. Èmi mú irin.

Lẹ́fẹ́ẹ̀lì olómi tí mo rà lọ́jà, tí à ń fi wò bóyá ògiri dúró, ni mo fi ń ṣe ilé àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n mo sọ pé ilé tèmi, irin bàbá mi la ó fi mọ ọ́n. Iyì ni lójú mi, ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ ló lè ṣe irú ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ògiri náà bá sì ti dé ojú fèrèsé, irin á ní ó fì. Màá wó o.

Lẹ́yìn òjò èṣí, ìyàwó mi jókòó tì mí. "Bàbá ọmọ mi, òjò tó ń bọ̀ ò ní bá mi nínú yàrá yìí. Bó ti wù kí ògiri yẹn rí, ẹ kan páànù lé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Òkè-Àró ni mò ń lọ." Kò bínú sọ ọ́, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Ọmọbìnrin wa tó wà ní yunifásítì, tó ń kọ́ nípa ọkàn èèyàn, wá lo họ́lídè. Ó gbé oúnjẹ wá bá mi ní Mowe, ó bá mi níbi tí mo ti gbé òòlù dání, tí mo tún fẹ́ wó ògiri.

"Dádì, ta ló ní ó fì?"

"Irin ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Irin àbí bàbá àgbà?"

Mo ní kó má gbé ìwé wá sí ibi iṣẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù.

"Wọ́n ń kọ́ wa pé ẹni mẹ́ta ló ń gbé nínú èèyàn. Ọ̀kan dà bí ọmọ ọwọ́, ohun tó bá wù ú, ojú ẹsẹ̀ ló fẹ́ ẹ. Ọ̀kan dà bí òbí, kò mọ̀ ju kò dáa, kò tó, o ò gbọdọ̀. Ẹnì kẹta wà láàárín, ó ń bẹ àwọn méjèèjì, ó sì tún ń wojú ayé."

"Ilé tí à ń gbé lo sọ yẹn," mo ní. "Ayálégbé tó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú, lánlọ́ọ̀dù tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan nǹkan kan, àti kiateka tó ń bá a tọ́jú ilé, tí tọ̀tún tòsì ń bú."

"Ẹ ṣé, Dádì. Màá kọ ọ́ sínú ìdánwò."

"Kọ ọ́. Sọ pé bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó yíjú sí ògiri. "Ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù tiyín ti kú. Kí ló dé tí kiateka ṣì ń sá fún un?"

Mo gbé òòlù sílẹ̀. Ó ní láti kékeré la ti ń gbé ohùn òbí mì, tí ohùn náà bá sì ti wọlé, kò mọ̀ pé ẹni tó ni òun ti kú. Ó ní ohun tó dun èèyàn ní kékeré, tí kò fẹ́ rántí, abẹ́ ló ń lọ, kì í kú. Ìyẹn yé mi. Àbàtà ni wọ́n da yanrìn bò ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìbàfò kí wọ́n tó kọ́lé sí i, omi abẹ́ ẹ̀ ò sì gbàgbé ọ̀nà.

Ó mú irin lọ́wọ́ mi, ó ń yẹ pátákó ẹ̀ wò. "Dádì, etí ibí yìí ti jẹ."

Lóòótọ́ ni. Etí tó máa ń kan ògiri ti jẹ wọnú, ojú ibẹ̀ ti dúdú, ó ń dán. Jíjẹ àtayébáyé ni, ó ti wà bẹ́ẹ̀ kó tó dọ́wọ́ mi. Mo gbé irin náà ti ògiri aládùúgbò mi, èyí tí mo fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì mọ, tó dúró ṣánṣán. Irin fara tì í gírígírí, ó ní ìyẹn náà fì. Mo rántí gbogbo ògiri tí mo fẹsẹ̀ ta wó lọ́mọdé. Bóyá kò sí èyí tó fì nínú wọn.

Mo gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì ti ògiri tèmi, omi inú ẹ̀ dúró sí àárín gan-an. Ọmọ mi ní, "Ó parí nìyẹn." Mo mọ ọ́n kọjá fèrèsé, mo mọ ọ́n dé òkè. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọn ìkòkò rẹ̀ pọ̀ fún ìkólọ. Ọmọ padà sílé ìwé tayọ̀tayọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí káfíńtà fẹ́ wá kan òrùlé, mo ti débẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Irin wà nílé, n kò mú un dání. Mo wo ògiri, ó fì. Mo gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì tì í, lẹ́fẹ́ẹ̀lì ní kò fì. Mo di ojú, mo gbọ́ ọ: "Wó o." Mo mọ ẹni tó ni ohùn. Mo mọ̀ pé ó ti kú, mo mọ̀ pé pátákó ẹ̀ ti jẹ. Mo rò pé bí mo bá ti mọ gbogbo ìyẹn, á dákẹ́. Kò dákẹ́. Nígbà tí káfíńtà fi gbé igi ẹ̀ dé, kò sí ohun tó máa kan òrùlé lé mọ́.

Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó tú ìkòkò tó ti dì, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi, ó kó ìyókù lọ sí Òkè-Àró. Àbúrò ẹ̀ ní ikọ́ náà ti ń lọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù.

"Dádì, ẹ tún wó o?"

"Ó fì ni."

"Ẹ jẹun o, Dádì."

Iṣẹ́ ò dá lọ́wọ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé kan ní Ajúwọ̀n, ẹ lọ wò ó, ẹ ò ní rí irú ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ní Mowe, ògiri mi ti tún dé ojú fèrèsé. N kò tíì wò ó bóyá ó fì.