Ọ̀gá Tí Àmín Rẹ̀ Máa Ń Yá

Tí ẹnìkan bá ti pariwo "Àmín!" kí àdúrà tó parí, ọ̀gá wa tó ń bójú tó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí àkọsílẹ̀ gbogbo wà nínú rẹ̀, níléeṣẹ́ tí a ti ń ra kòkó ní Aládé ni mo máa ń rántí. Aládùúrà paraku ni. Bó ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ló ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà: kó tó béèrè ọ̀rọ̀ tán, ọ̀gá ti tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Lọ́jọ́ tó ń fi sọ́fítíwíà tuntun sórí sáfà, ìbéèrè gígùn kan yọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kà á ná."

"Iyèméjì rẹ ti pọ̀ jù!" Ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Àṣé sáfà ń béèrè bóyá kó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Àkọsílẹ̀ kòkó gbogbo àgbẹ̀, láti Odode dé Ofosu, lọ ráúráú.

Àwọn àgbẹ̀ ya bo ọ́fíìsì. Bàbá kan pariwo pé, "Kòkó tí mo kó wá dà?"

Ọ̀gá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

"Ṣé àdúrà ló gbé e lọ ni?"

Láti ìgbà náà, ọ̀gá wa máa ń gbọ́ àdúrà dé ìparí kó tó ṣe àmín. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti ń kùn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti ń tutù.