Nígbà Tí Wọ́n Lé Láptọ́ọ̀pù Kúrò Ní Kíláàsì

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àrùn kòrónà rọlẹ̀, tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ padà fún wa, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Yunifásítì kan ní agbègbè Yábàá ni mo wà. Mo ti dé ọdún tó kẹ́yìn, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka wa. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń gbé láptọ́ọ̀pù wọ kíláàsì lónìí, tí ẹnikẹ́ni kì í bi yín léèrè, ẹ lè rò pé bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. A jà fún un ni. Ohun tó sì mú kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé nínú ìjà náà, ẹni tó ṣe àṣìṣe tó tóbi jù lọ kò sí lára àwọn tí à ń bá jà. Èmi ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a bá ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà lọ, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ ṣí láptọ́ọ̀pù nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ni. Ìwé àti bírò nìkan ni kí a máa fi kọ nóòtì. Ẹni tó bá rú òfin, wọ́n á gba tọwọ́ rẹ̀ títí sáà á fi parí. Díìnì ló fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé Dókítà Àkànní ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Àgbà olùkọ́ ni Dókítà Àkànní, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ohùn wọn kì í lọ sókè, tí wọn kì í sì í pa kíláàsì jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì lọ́wọ́ nígbà tí ariwo "Góòlù!" sọ láàárín kíláàsì. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ló ń wo bọ́ọ̀lù lórí láptọ́ọ̀pù kan. Mo gbọ́ pé bàbá náà kò bínú. Wọ́n kàn pa ìwé wọn dé, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun," wọ́n sì jáde.

Mo pe ìpàdé níwájú ilé ìkàwé lọ́jọ́ Ajé náà gan-an. Ara mi gbóná. "Ayé ti kọjá ibi tí wọ́n fẹ́ dá wa padà sí!" Mo pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Láptọ́ọ̀pù wa ni ìwé wa! A ò ní gbà!" Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ọmọkùnrin kan nawọ́. Kẹ́hìndé ni, ọmọ ọdún kejì, tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Tejúoṣó.

"Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ má bínú. Ta ni 'wa' tí ẹ ń pè yẹn? Èmi ò ní láptọ́ọ̀pù. Àwa tí a ò ní sì pọ̀ ju àwọn tó ní lọ. Tí ẹni iwájú mi bá ti ṣí tiẹ̀, fíìmù ló máa ń wò, ojú tèmi náà á sì lọ síbẹ̀. Ká sòótọ́, òní yìí ni mo tó gbọ́ gbogbo ohun tí olùkọ́ sọ."

Ó yẹ kí n gbọ́ ohun tó ń wí. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, "Kẹ́hìndé, torí pé o ò ní bàtà, ṣé kí gbogbo wa máa rìn láìwọ bàtà ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ojú tì í. Mo fi ẹnu borí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàdé tú, mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn bá a rìn lọ.

Ọmọbìnrin kan dúró dè mí. Rọ́fíátù lorúkọ rẹ̀, kíláàsì kan náà ni òun àti Kẹ́hìndé. Ó wọ híjáàbù gígùn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, mo fẹ́ rí yín."

A bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ ọwọ́ náà jáde. Àtàǹpàkò àti ọmọ-ìka ló ṣẹ́kù níbẹ̀.

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Pápá Àjàó ló ṣe é, nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Mo lè fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, ṣùgbọ́n kí n tó kọ ìlà kan, olùkọ́ á ti sọ mẹ́rin. Láptọ́ọ̀pù ni mo fi ń bá wọn lọ."

"Kí ló dé tí o ò lọ sọ fún Díìnì?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú àánú wò mí. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ní kíláàsì wa, ọ̀rẹ́ mi ni. Ẹ bá wa gba láptọ́ọ̀pù padà, Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má fi ọwọ́ mi jà."

Mo ní kò sí wàhálà. Mo tún búra sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, a wọ́ lọ sí ọ́fíìsì Díìnì. Igba èèyàn ni mo ń retí. A ò pé ogójì. Díìnì jáde sí wa, Dókítà Àkànní tẹ̀ lé wọn. Díìnì wò wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé gbogbo yín nìyí?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi láyà. Mo gbọ́ tí àwọn kan lẹ́yìn mi ń sọ pé kí a máa lọ. Ojú tì mí, mo sì fẹ́ borí lọ́nà tó bá ṣeé ṣe. Bí mo ṣe la ẹnu nìyẹn.

"Ọmọbìnrin kan wà ní ọdún kejì tí ẹ̀rọ gé ìka ọwọ́ rẹ̀! Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó di bírò mú? Ẹ dá wa lóhùn!"

N ò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Rọ́fíátù wà láàárín wa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yíjú sí i láìròtẹ́lẹ̀, ẹni tó wà nítòsí tẹ̀ lé ojú rẹ̀, kò sì pẹ́ tí gbogbo ojú fi wà lára híjáàbù ọmọ náà. Kò sunkún. Ó yí padà, ó rọra lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé mìíràn jáde: ẹni tó bá ní ìwé dókítà lè lo láptọ́ọ̀pù. Wọ́n gbé mi sókè, wọ́n ń kọrin. Àárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo tó mọ ohun tí a gbà. Nínú kíláàsì tí èèyàn kún fọ́fọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa ṣí láptọ́ọ̀pù, gbogbo ẹni tó bá sì rí i á mọ ìdí rẹ̀. Rọ́fíátù kò wá sí kíláàsì mọ́. Mo pè é lórí fóònù títí, kò gbé e.

Mo wá ilé wọn lọ sí Pápá Àjàó. Bàbá rẹ̀ ń jó irin géètì pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ṣí ìbòjú wọn.

"Ṣé ìwọ ni akọ̀wé tó gbèjà ọmọ mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn bó ṣe rí. Wọ́n wo ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn wọn, ojú wọn pọ́n, wọ́n ní, "Dìde. Èmi náà jẹ̀bi rẹ̀. Èmi ni mo gbàgbé láti pa ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó gé e lọ́wọ́." Wọ́n pe ọmọ wọn jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo bẹ̀ yín?"

"Pé kí n má fi ọwọ́ rẹ jà."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"A ti ń pàdánù, Rọ́fíátù, mo rò pé..."

"Ẹ̀yin lẹ ń pàdánù. Èmi ò tíì pàdánù nígbà yẹn."

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ó wá bi mí ní ohun tí n ò retí: "Kẹ́hìndé tí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé ẹ ti lọ bá a? Òótọ́ ló sọ. Èmi náà, tí wọ́n bá ń wo fíìmù níwájú mi, mi ò lè gbọ́ nǹkan kan." Ó ní òun ti ronú sí i. Kí àwọn tó ní láptọ́ọ̀pù máa jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí kò ti ní sí ẹni tí yóò máa wo ohun tó wà lójú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kí wọ́n má sì béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Èmi ni mo máa sọ ọ́. Ẹ̀yin, ẹ kàn jókòó."

Mo bẹ Kẹ́hìndé kó tó gbà láti tẹ̀ lé wa. Ní ọ́fíìsì Díìnì, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, Rọ́fíátù gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ láìwárìrì. Dókítà Àkànní bọ́ awò ojú wọn.

"Ọmọ mi, mo ti kọ́ ẹ fún ọdún kan. Mi ò mọ̀."

"Mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni, sà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́ tèmi náà. Tí mo bá ń kọ́ni, ojú yín ni mo fi ń mọ̀ bóyá ó yé yín. Láti ìgbà tí ẹ ti ń gbé nǹkan yìí wá, ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù ni mò ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́."

"Tí mo bá wà lẹ́yìn, sà, mo máa máa gbójú sókè."

Díìnì wo Dókítà Àkànní. Dókítà Àkànní mi orí pé kò burú. Ìlà ìjókòó mẹ́ta tó kẹ́yìn ni wọ́n fún àwọn oníláptọ́ọ̀pù, láìsí ìbéèrè.

Olùkọ́ ni èmi náà báyìí, ní ilé ìwé gírámà kan ní Sùúrùlérè. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ máa ń bi mí bóyá láptọ́ọ̀pù dára fún nóòtì ní yunifásítì. Mo máa ń sọ fún wọn pé èmi tí mo ń tẹ gbogbo ohun tí olùkọ́ bá sọ, nǹkan kan kì í kù sí mi lórí. Rọ́fíátù fi tiẹ̀ jáde pẹ̀lú èsì tó dára ju tèmi lọ.

A gba ìlà ìjókòó mẹ́ta. Kẹ́hìndé ń gbọ́ olùkọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní láptọ́ọ̀pù títí ó fi jáde. A jà kí àwọn tó ní lè lo tiwọn. Ẹnì kankan nínú wa kò jà kí àwọn tí kò ní lè ní. Gbèsè yẹn ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀yin ló kù tí ẹ máa san án.

Gbèsè tèmi ń bẹ lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ṣe ìdánwò ìkẹyìn, mo rí Rọ́fíátù lẹ́nu ọ̀nà, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó kí mi kú oríire, ó bi mí ibi tí wọ́n máa rán mi lọ sìnrú ìlú. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. N ò sì bi í, torí ó ti sọ ohun tí kò fẹ́ fún mi rí, mo sì ṣe bí ẹni pé n ò gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́.